Àǹtí Tó Ń Retí Adájọ́

Bí Ádífẹ́ntì, àsìkò tí à ń retí bíbọ̀ Jésù ṣáájú Kérésì, bá ti dé báyìí, ẹ̀gbọ́n màmá mi tí wọ́n jẹ́ tíṣà ní Yábà ni mo máa ń rántí. Wọ́n á ní, "Ẹni tí à ń retí yìí, adájọ́ ni o."

Lọ́dún kan, ọ̀gá akọrin ìjọ wa ní Sùúrùlérè lé wọn kúrò nínú ẹgbẹ́ lójú gbogbo ìjọ. Ó ní ohùn wọn ti di ti arúgbó. Láti ọjọ́ náà, iwájú pátápátá ni Àǹtí ń jókòó, wọ́n á tẹjú mọ́ ọn títí ìsìn á fi parí.

Nígbà tí Ádífẹ́ntì dé, ohùn ọmọbìnrin tó fẹ́ dá orin há. Ọ̀gá akọrin wá bẹ Àǹtí nílé.

"Ibi tí o ti bú mi ni kí o ti bẹ̀ mí," Àǹtí dá a lóhùn.

Ní Sọ́ńdè kẹta, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú ìjọ. Àǹtí dìde, wọ́n kọrin títí omi fi bọ́ lójú wa. N kò rí ayọ̀ bẹ́ẹ̀ lójú wọn rí.

Bí a ṣe ń lọ sílé, mo bi wọ́n bóyá wọ́n ti dárí jì í.

"Kérésì ṣì ku ọjọ́ mẹ́wàá," wọ́n ní. "Jẹ́ kí n gbádùn ẹ̀san mi ná."