Wọ́n Ní Mo Ti Gbẹ

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fojú fo àṣìṣe mi. Ìwé tí mo kà kò pọ̀, n kò sì kọ irú èyí rí.

Nígbà tí mo sanra, tí orúnkún sì ń dùn mí, mo dín oúnjẹ kù, mo sì ń fẹsẹ̀ rìn láti ilé wa ní Anglo Jos lọ síbi tí mo ti ń ránṣọ. Mo fọn, orúnkún náà sì san. Mo rò pé ó ti parí. Kí n má tún sanra padà ló wá le jù, torí àwọn èèyàn kò gbà.

Lọ́jọ́ Àìkú kan, ìyá kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wò mí, wọ́n sọ fún màmá mi pé, "Haba, ọmọ yín mà ti gbẹ o. Ṣé ẹ kì í fún un lóúnjẹ ni?"

Ojú ti màmá mi. Bí a ṣe délé, wọ́n bu túwó fún mi bí òkè.

"Màmá, ó pọ̀ jù."

"Jẹ ẹ́. Èmi kọ́ ni wọ́n máa sọ pé ó ń febi pa ọmọ."

Mo jẹ ẹ́ tán tìbínú-tìbínú. Bí màmá mi ṣe ń ṣe mí nìyẹn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, orúnkún sì ti tún bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ọjọ́ Àìkú yẹn, mo jí ṣáájú wọn kí n lè fọwọ́ ara mi bu oúnjẹ mi, mo po kúnú, mo bu tèmi sí ife kékeré, mo sì kúnlẹ̀ gbé tiwọn fún wọn.