Dùùrù Tó Wà Lẹ́yìn Ìró Ìyá Àgbà

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Ìjẹ̀bú-Òde, ọmọ tí wọ́n bá ní dùùrù nílé wọn, ọmọ ọlọ́rọ̀ ni. Gààrí la ní nílé tiwa. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi mọ̀ ọ́n, èyí tó kan, tó kúná, tí a ń fi omi tútù mu. Ìyá àgbà, tó bí bàbá mi, ló tọ́ mi. Ohun tí mo sì ń wá lójú méjèèjì ni kí n tẹ dùùrù fún orin àwọn ọmọdé lọ́jọ́ ìkórè.

Tíṣà, ẹni tó ń tẹ dùùrù ní ìjọ wa, gbà láti kọ́ mi. Orin náà rọrùn, àfi ìparí rẹ̀, níbi tí kọ́ọ̀dù kan, ohùn mẹ́rin tí a ń tẹ̀ pa pọ̀, wà tí wọ́n ń pè ní dìmíníṣì. Tíṣà ní, "Tẹ ọ̀kan, fo méjì, tẹ ọ̀kan, fo méjì, títí ìka mẹ́rin á fi jókòó. Àti funfun àti dúdú ni kó o kà." Ti, re, fa, àti dúdú kan. Lẹ́yìn náà, èyí tó wà nísàlẹ̀ á fò gun òkè, a ó tún un tẹ̀.

"Ọmọ ìyá ni wọ́n," ni Tíṣà wí. "Kò sí ẹ̀gbọ́n, kò sí àbúrò. Ẹni tó wà nísàlẹ̀ lónìí, òun ló ń bọ̀ lókè."

Ìyá àgbà gbọ́ kọ́ọ̀dù náà lọ́jọ́ kan. Ó ní ó dún bí ẹni tó fẹ́ sín tí sísín kò wá.

Tíṣà là á fún mi pé kí ìsìn ìkórè tó bẹ̀rẹ̀, màá tẹ ẹ lójú òun. Bí mo bá ṣì í tẹ̀, òun á tẹ orin náà fúnra òun, èmi ni n ó sì fa òbúkọ tí ìdílé wa fẹ́ fi ṣe ọrẹ ìkórè lọ síwájú pẹpẹ. Ẹ ò mọ òbúkọ yẹn. Òórùn rẹ̀ á ti wọlé tipẹ́ kí òun tó dé, ó sì fẹ́ràn láti máa jẹ aṣọ lára èèyàn.

Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ gbogbo nǹkan. Bí mo bá ń jẹ ìkọ́kọrẹ́, ìka mẹ́rin á yà gàgà nínú àwo.

Ìyá àgbà á ní, "Àṣàkẹ́, ṣé adìẹ ni ọ́ ni, tó o fi ń ha oúnjẹ?"

Nígbà tó yá, mo ya àwòrán dùùrù sórí bẹ́ǹṣì ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa. Mo lọ èédú, mo fi òróró pò ó kó má baà tètè pa rẹ́, mo sì fi àmì sí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí mo gbọ́dọ̀ tẹ̀. Kò pa rẹ́ lóòótọ́. Láàárọ̀ ìkórè, èmi ti ṣáájú lọ nígbà tí Ìyá àgbà wọ ìró funfun rẹ̀, tó sì jókòó sórí bẹ́ǹṣì náà láti wọ bàtà.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì, Tíṣà ní, "Ó yá." Mo gbàgbé ọ̀kan tí mo fẹ́ tẹ̀, mo gbàgbé méjì tí mo fẹ́ fò. Òbúkọ ń ké níta. Bí mo ṣe gbójú sókè, Ìyá àgbà ti kúnlẹ̀ ní ìlà iwájú, ó kọjú sí ìjókòó rẹ̀, ó kẹ̀yìn sí mi, ó ń gbàdúrà. Dùùrù mi nìyẹn, gbalaja, ní ìdí Ìyá àgbà! Ó ti yí, ọ̀tún ti di òsì, ṣùgbọ́n kọ́ọ̀dù yẹn kò mọ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì. Ibi yòówù kó o ti kà á, fo méjì náà ni. Mo ń wo ìdí, mo ń tẹ̀. Mo gbé e gòkè, mo tún gbé e gòkè, ó ń dún geere.

Ìyá àgbà ní, "Àmín."

Tíṣà tẹ̀lé ojú mi. Ó fi ìwé orin bojú, èjìká rẹ̀ ń mì. Nígbà tí ìsìn bẹ̀rẹ̀, èmi ni mo tẹ orin náà dé òpin, Tíṣà ló fa òbúkọ. Òbúkọ sì jẹ nínú táì rẹ̀.

"Ṣé o rí i bí wọ́n ṣe ń wò mí?" ni Ìyá àgbà ń wí lọ́nà ilé. "Aṣọ gidi kì í fara sin."

Nígbà tó bọ́ ìró náà, gbogbo àdúgbò gbọ́ orúkọ mi. Mo kúnlẹ̀, mo gbọ́wọ́ sókè, lẹ́yìn náà mo fi ọṣẹ dúdú fọ ìró títí ọwọ́ mi fi bó.

Lónìí, orí fóònù ni ọmọ ọmọ mi ti ń kọ́ dùùrù. Ibi tó yẹ kó tẹ̀ á tanná fún un, kò sì sí òbúkọ kankan tó ń dẹ́rù bà á. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ní gbogbo ọjọ́ ìkórè, tí mo bá wọ ìró funfun mi, mo máa ń jókòó díẹ̀ sórí bẹ́ǹṣì, màá dìde, màá yí ẹ̀yìn wò. Ó máa ń mọ́ tónítóní. Á wá ṣe mí bí ẹni tó fẹ́ sín tí sísín kò wá.