Ọ̀pá Omi Bàbá Títí

Èmi ni mo wú ọ̀pá Bàbá Títí. Kì í ṣe omi, kì í ṣe afẹ́fẹ́, kì í sì í ṣe Bàbá fúnra rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ kiri títí dòní. Ọwọ́ ara mi ni mo fi wú u, mo sì dákẹ́. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ èyí, kí adùn ìtàn má bàa gbé mi fò ó.

Ní Sátidé tó kọjá, mo so ọkọ̀ mi mọ́ èbúté Igbókòdá, mò ń retí èrò. Wọ́n ń já yanrìn tútù sílẹ̀ nínú ọkọ̀ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, òórùn iyọ̀ inú rẹ̀ gba gbogbo ibẹ̀. Àfi bí ariwo ṣe ta nínú ilé tí wọ́n ti ń wo bọ́ọ̀lù òkè òkun lẹ́yìn wa: wọ́n ti gbá a sáwọ̀n. Òórùn àti ariwo bá pàdé lórí mi. Ara mi ṣì wà nínú ọkọ̀, ṣùgbọ́n ọkàn mi ti bọ́ sórí yanrìn abúlé wa, níbi tí mo ti jẹ́ ọmọ ọdún méjìdínlógún, tí ẹsẹ̀ mi òsì kì í ṣìnà.

Ẹ̀yin àbúrò mi, ẹ ò lè mọ pápá yẹn, òkun ti jẹ ẹ́. Nígbà ayé rẹ̀ pàápàá, kì í ṣe gbogbo ìgbà ló máa ń wà. Bí omi bá fà lọ́sàn-án ni yanrìn á yọ díẹ̀díẹ̀, á tẹ́jú, á máa dán, ojú ọ̀run á sì hàn nínú rẹ̀ débi pé tí ẹ bá ń wo àwa agbábọ́ọ̀lù láti ọ̀kánkán, ẹ ó rò pé orí ìkùukùu la ti ń sáré. Àwọ̀n ẹja tó ti gbó la ta sára òpó ojúlé, ìpẹ́ ẹja ṣì wà lára rẹ̀ níbòmíràn, ó ń tàn bí oòrùn bá kàn án.

Abúlé mẹ́fà ló ń bára wọn díje. Ọ̀bọ̀kún, orúkọ ẹja, ni wọ́n ń pe ẹgbẹ́ tiwa, àwọn tí abúlé wọn wà lápá ìsàlẹ̀ létí òkun ń jẹ́ Akàn. Kò sí rédíò tó dárúkọ ẹnikẹ́ni nínú wa rí. Síbẹ̀ àwọn ènìyàn á wa ọkọ̀ wá láti ibi gbogbo, pupuru, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ wa, nínú abọ́, ọmọ lẹ́yìn, wọ́n á to ọkọ̀ sétí pápá, wọ́n á jókòó sínú rẹ̀ máa wòran. Ìwé mi ò pọ̀, ṣùgbọ́n mo ti rò ó títí, mo rò pé ohun tó ń fà wọ́n wá ni pé wọ́n mọ̀ wá. Ẹni tó ń ṣọ́lé fún wa ló ń tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ṣe ládùúgbò. Bí bọ́ọ̀lù bá kọjá lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀, obìnrin kan tí kò tíì rí ẹ́ńjìnnì ọkọ rẹ̀ gbà lọ́wọ́ rẹ̀, á rọra ní, "Ọwọ́ tó fi ń tún tiwa ṣe náà nìyẹn." Gbogbo ọkọ̀ á máa mì fún ẹ̀rín.

Ìyá Rísí, tó ń yan ẹja tà, ni olórí òǹwòran àwọn Akàn. A máa ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ ni akàn ń rìn, kò lè rí ojúlé. Ìyá Rísí kì í bínú. "Ẹ̀gbẹ́ là ń gbà, a sì ń délé," ni yóò fi dá wa lóhùn. "Ọ̀bọ̀kún tó ń lọ tààrà, inú ìkòkò ọbẹ̀ ló ń lọ."

Rẹfirí ní fèrè, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó gba aago ọwọ́ rẹ̀ gbọ́. Omi ni aago wa. Kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀, Bàbá Títí, àgbà apẹja abúlé wa, á wo ipa tí omi àná fi sílẹ̀, á ka ìṣísẹ̀ rẹ̀ lórí yanrìn, á sì ri ọ̀pá kan mọ́lẹ̀ tó so àkísà pupa mọ́ nídìí. Bí omi tó ń padà bọ̀ bá ti kan àkísà yẹn, Bàbá á nawọ́ sókè, rẹfirí á fọn fèrè, ó parí nìyẹn. Ẹnikẹ́ni kì í jiyàn. Ará abúlé wa ni Bàbá, síbẹ̀ àwọn Akàn ò béèrè ẹlòmíràn rí. Ó máa ń sọ pé omi ò ní ẹgbẹ́, òun tí òun ń ṣọ́ ọ náà ò sì ní.

Lọ́jọ́ àṣekágbá, àwọn Akàn ti gbá ẹyọ kan wọlé, àwa ò tíì rí nǹkan kan. Ọrùn ẹsẹ̀ mi ọ̀tún yẹ̀, wọ́n gbé mi jáde, mo jókòó kí n fi í sínú omi. Ọ̀pá náà ò jìnnà sí mi. Omi ti sún mọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀ tí mo lè fi apá wọn ohun tó kù. Ní àkókò yẹn ni ọkọ̀ àwọn obìnrin Akàn kan já okùn, Bàbá sáré lọ bá wọn fà á. Gbogbo ojú wà lọ́hùn-ún. Mo wú ọ̀pá náà, mo tiro sókè kúrò létí omi ní ìṣísẹ̀ méje, mo rì í, mo sì lọ jókòó sórí yanrìn gbígbẹ. Mo sọ fún ara mi pé méje péré ni.

Ẹyọ méjì la gbá wọlé kí omi tó dé ìdí ọ̀pá. Wọ́n gbé mi sókè pẹ̀lú ẹsẹ̀ wíwú mi. Orí èjìká wọn ni mo wà tí mo fi rí Ìyá Rísí tó ń rìn bọ̀ láti inú ọkọ̀ rẹ̀. Igun pápá ti wà lábẹ́ omi, ohun tí kò ṣẹlẹ̀ rí. Ó dé iwájú Bàbá, kò pariwo.

"Bàbá," ó ní, "ẹ̀yin náà?"

Bàbá wo ọ̀pá rẹ̀. Ó wo ilẹ̀ yanrìn. Láti ìdí ọ̀pá dé ibi tí mo jókòó sí, ipa ẹsẹ̀ kan wà níbẹ̀, ọ̀kan tẹlẹ̀ dáadáa, ìkejì kìkì ọmọ ìka. Ó gbójú sókè wò mí. Lẹ́yìn náà ó rìn lọ sórí ipa ẹsẹ̀ náà, ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ pa á rẹ́ jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń wá ibi tí yóò dúró sí.

"Ọ̀pá mi ni," ó ní. "Bí ó bá ṣìnà, ọwọ́ mi ló ti ṣìnà."

Mo gbọ́ ọ. Mo lẹ́nu, n ò lò ó.

Àwọn Akàn wa ọkọ̀ wọn lọ láì dúró bá wa jẹun. Lọ́dún tó tẹ̀lé e, abúlé kankan ò ránṣẹ́ sí wa, bí ìdíje náà ṣe tán nìyẹn. Kò sẹ́ni tó bú Bàbá sójú. Ṣùgbọ́n bí ẹnìkan bá rẹ́ ẹlòmíràn jẹ lọ́jà, wọ́n á ní ó ti ri ọ̀pá Bàbá Títí fún un.

Ọdún mọ́kànlá ti kọjá. Ẹ̀ẹ̀mejì ni a ti ṣí ilé pákó wa sẹ́yìn fún òkun. Ẹ̀yin mọ orúkọ àwọn agbábọ́ọ̀lù tí kò ní mọ orúkọ yín láé, n ò sì bá yín wí, èmi náà ń bá yín hó. Àmọ́ títí di ìsinsìnyí, bí àgbàlagbà bá wọ ọkọ̀ mi, á wo ojú mi, á rẹ́rìn-ín, á ní ṣé èmi kọ́ ni ẹlẹ́sẹ̀ òsì Ọ̀bọ̀kún nígbà náà. Ìyẹn ò tíì kú.

Ìyá Rísí náà ń wọ ọkọ̀ mi. Ó máa ń fi ẹja yíyan kan lé mi lọ́wọ́ pé kí n fi panu. Lọ́jọ́ kan, ó ń sọ fún ọmọbìnrin kan tó jókòó tì í pé àgbà kan wà lábúlé awakọ̀ yìí tí òun fọkàn tán ju bàbá tó bí òun lọ, títí ó fi ta àwọn nítorí bọ́ọ̀lù. Ó sọ ọ́ láìbínú, bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ òkú. Mo la ẹnu. Ni mo bá fún ẹ́ńjìnnì lágbára sí i, ariwo rẹ̀ sì bo gbogbo wa mọ́lẹ̀.

Bàbá Títí ṣì wà láyé. Ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì, kò sì tíì mẹ́nu kan ọ̀rọ̀ náà sí mi rí. Gbèsè orúkọ rẹ̀ ni mo jẹ ẹ́: kí n gbé e sínú ọkọ̀ mi, kí n wà á lọ síwájú Ìyá Rísí, kí n sì sọ ọ́ létí àwọn méjèèjì. Láti ilé rẹ̀ dé èbúté àwọn Akàn, kò ju ìdajì wákàtí lọ.