Bàbá Abẹ́rẹ́ àti Àpá Ara Táǹkì

Ọjọ́ tí Bàbá Abẹ́rẹ́ fi ẹ̀yìn mọ́tò kọlu táǹkì omi ilé ara rẹ̀, ìbòjú ló wà lójú rẹ̀. Ìyẹn nìkan ti tó kéèyàn fi mọ irú ẹni tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Àgbàlagbà tó ti fi bàálù balẹ̀ nínú kùrukùru láìmọye ìgbà, tí púpọ̀ nínú àwọn awakọ̀ bàálù ń pè ní olùkọ́, òun náà ló jókòó sínú mọ́tò lọ́sàn-án gangan, tó dé fìlà ìbòjú tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi ń kọ́ bí wọ́n ṣe máa wa bàálù láìríta, tó ní òun fẹ́ fẹ̀yìn wọ ọgbà láìwo ibì kankan. Ta ló rán an níṣẹ́? Kò sẹ́ni tó rán an.

Ìyàwó rẹ̀ ló fi ṣe ẹ̀rọ tó máa júwe ọ̀nà fún un. Ó gbé ìkòkò àti ṣíbí lé e lọ́wọ́, ó ti fèrè bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Bí mọ́tò bá yà sápá òsì, kó lu ìkòkò. Bó bá yà sápá ọ̀tún, kó fun fèrè. Bó bá ń bọ̀ tààrà, kó máa ṣe méjèèjì pọ̀ láìdánu dúró.

Obìnrin náà yọ fèrè lẹ́nu. "Bí mo bá wá dákẹ́ ńkọ́?"

"Bí ìró bá dákẹ́, ọ̀nà ti sọnù nìyẹn. Màá dúró, màá padà jáde ní géètì, màá tún bẹ̀rẹ̀. Òfin ni."

Òfin dáa. Mọ́tò ń bọ̀, ìkòkò ń dún, fèrè ń ké, gbogbo àdúgbò ti yọrí lójú fèrèsé. Àfi bí aládùúgbò kan ṣe gba ẹnu géètì kọjá, tó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, Mọ́mì." Wọn kì í kí ni ká má jẹ́ ẹ, mọ́tò ì báà máa bọ̀. Obìnrin náà yọ fèrè lẹ́nu, ó gbé ṣíbí sílẹ̀, ó ní, "O ṣé o. Àwọn ará ilé ńkọ́?" Kó tó gbọ́ bí àwọn ará ilé ṣe wà, mọ́tò ti kọlu táǹkì, gbàmù! Ara irin tẹ̀ wọnú, ìdérí fò lọ, omi dà bo mọ́tò látòkè délẹ̀.

"Ṣé ẹ ò gbọ́ pé mo dákẹ́ ni?"

"Mo gbọ́."

"Kí ló wá dé tẹ́ ò dúró?"

Bàbá Abẹ́rẹ́ sọ̀ kalẹ̀, omi ń kán létí fìlà rẹ̀. Ó wo táǹkì títí. "Mo rò pé mo ti mọ ọ̀nà ni," ló wí.

Ẹlòmíì ìbá wá alágbẹ̀dẹ kíá, kó na táǹkì, kí ìtìjú lè lọ. Kì í ṣe òun. Wọ́n lẹ ibi tó ń jò, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fọwọ́ kan àpá náà. Gbogbo ìgbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tuntun bá dé, á kó wọn wálé, á tò wọ́n síwájú táǹkì. "Ẹ wò ó dáadáa. Ìró dákẹ́, ó ṣì ń bọ̀. Òmùgọ̀ ló ṣe èyí." Ìyàwó rẹ̀ á sì dáhùn láti inú ilé ìdáná pé, "Ẹ bá mi sọ fún òmùgọ̀ náà kó wá gbé omi fún àwọn àlejò rẹ̀, ó ti sú mi."

Orúkọ tí à ń pè é yìí, ẹnu rẹ̀ ló fi wá a. Aago kan wà níwájú awakọ̀ bàálù tó ní abẹ́rẹ́ méjì nínú. Ẹ̀rọ tó wà nílẹ̀ ní pápákọ̀ òfurufú ló ń bá wọn sọ̀rọ̀. Ọ̀kan á sọ bóyá o ti yà kúrò lójú ọ̀nà sápá òsì tàbí ọ̀tún, èkejì á sọ bóyá o ga jù tàbí o ti lọ sílẹ̀ jù. Bí méjèèjì bá pàdé láàárín, ọkàn ẹ balẹ̀, ò báà má rí ọwọ́ ara ẹ. "Ojú ń purọ́," ni Bàbá Abẹ́rẹ́ máa ń wí. "Abẹ́rẹ́ kì í ṣe ẹbí ẹnikẹ́ni." Ó wí i nínú kíláàsì, ó wí i nídìí oúnjẹ, ó wí i níbi tí wọ́n ti ń gbé ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ níyàwó, títí tí ìyá ọkọ fi ní kí wọ́n bá òun gba maikirofóònù lọ́wọ́ rẹ̀.

Nínú ilé pàápàá, aago ló ń bá a ṣèjọba. Ọ̀kan wà lára ògiri pálọ̀ tó ń sọ bí ojú ọjọ́ ṣe máa rí.

"Bàbá, òjò ń bọ̀ o. Ẹ mú agboòrùn."

"Aago ò sọ bẹ́ẹ̀."

"Aago ò ní ojú, èmi ní. Ẹ wo òkè!"

Kò wo òkè. Ó jáde, òjò pa á bí ewúrẹ́ tí wọ́n so mọ́gi, ó padà wọlé, ó sì dúró síwájú aago náà, ó ń fi ìka kan án lórí. Ìyàwó ń retí kó ní òun jẹ̀bi. Ohun tó gbẹ́nu rẹ̀ jáde ni pé, "Ara aago yìí ò yá. Ẹ má jẹ́ ká bínú sí i."

Kò wá sí ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ sú tó ọmọ àbúrò rẹ̀. Ọmọ náà yára lọ́wọ́, ó mọ̀wé, bàálù sì ń gbọ́ràn sí i lẹ́nu. Iléeṣẹ́ ọlọ́kọ̀ òfurufú kan ti ní àwọn máa gbà á síṣẹ́ tó bá yege ìdánwò tó wà lópin oṣù. Bí kò bá yege, ẹlòmíì tó ń dúró lẹ́yìn rẹ̀ máa gba àyè náà. Láti kékeré ló ti ń sọ pé bàálù lòun máa wà. Ohun kan ṣoṣo ló kù. Kò sẹ́ni tó lè jókòó fún ìdánwò náà tí olùkọ́ rẹ̀ ò bá tíì fọwọ́ sí i pé ó lè fi aago nìkan balẹ̀. Olùkọ́ rẹ̀ wá ni Bàbá Abẹ́rẹ́, Bàbá Abẹ́rẹ́ sì kọ̀ jálẹ̀.

"Ayọjú," ló ń pè é. "Ayọjú, fa ìbòjú ẹ wálẹ̀."

"Ó ti wálẹ̀, sà."

"O ń yọjú lábẹ́ ẹ̀."

"Mi ò yọjú, sà! Ẹ̀yin náà ẹ wò ó!"

"Abẹ́rẹ́ ò tíì sọ̀rọ̀, o ti ń dá a lóhùn. Ta ló sọ fún ẹ pé atẹ́gùn ń tì wá?"

Ọmọ náà tún fa ìbòjú wálẹ̀ sí i.

"Ẹni tó ń wo abẹ́rẹ́ máa kọ́kọ́ ṣìnà díẹ̀, kó tó tún un ṣe. Ìwọ ò ṣìnà rárá. Ohun tí mo fi mú ẹ nìyẹn."

Ẹ gbà mí! Ta ló ti gbọ́ ọ rí pé olùkọ́ ń bínú sí akẹ́kọ̀ọ́ torí pé kò ṣìnà? Ọmọ náà délé, ó ju ìbòjú sórí àga. Ìyá rẹ̀ pe Bàbá Abẹ́rẹ́ lórí fóònù, ó ń sunkún. "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ọmọ yín kọ́ ni?"

"Ọmọ mi ni. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi fẹ́ sin ín."

Ó di ọ̀sẹ̀ tí ìdánwò kù sí dẹ̀dẹ̀, kò tíì fọwọ́ sí i. Lọ́jọ́ kan, àwọn méjèèjì gbé bàálù ilé ẹ̀kọ́ lọ sí pápákọ̀ mìíràn. Nígbà tí wọ́n ń padà bọ̀ nírọ̀lẹ́, kùrukùru ti bo pápákọ̀ tiwọn. Wọ́n wolẹ̀, funfun. Wọ́n wo iwájú, funfun. Bàbá Abẹ́rẹ́ ní kí ọmọ náà ṣí ìbòjú kúrò, kò sí ohun tó fẹ́ bò mọ́. Lẹ́yìn náà ó fa àga rẹ̀ sẹ́yìn, ó ká ọwọ́ lé àyà, ó di ojú, ó bẹ̀rẹ̀ sí hanrun.

"Sà? Sà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jí."

Ó ń hanrun.

"Bàbá! Ẹ dákun! Irú ìyà wo lèyí, Ọlọ́run mi?"

Ìhanrun náà tún lọ sókè sí i. Ọmọ náà fi èpè sábẹ́ ahọ́n, ó dojú kọ abẹ́rẹ́. Ó yà díẹ̀ sápá ọ̀tún, ó tún un ṣe. Ó ga jù díẹ̀, ó tún un ṣe. Ibì kan wà lójú sánmà tí awakọ̀ ti gbọ́dọ̀ pinnu: bó bá ti rí ọ̀nà, kó balẹ̀, bí kò bá rí i, kó gbéra padà. Bó ṣe débẹ̀, ó gbójú sókè. Nǹkan funfun gbọọrọ kan ń dán nínú kùrukùru, lápá ọ̀tún díẹ̀. Ọkàn rẹ̀ fò. Ọ̀nà rèé! Ọwọ́ rẹ̀ ti fẹ́ yí bàálù síbẹ̀. Ó tún wo abẹ́rẹ́. Abẹ́rẹ́ méjèèjì pàdé láàárín, wọn ò mọ nǹkan funfun kankan.

Ìhanrun dákẹ́.

Ọmọ náà ti ẹ̀rọ dé góńgó, bàálù ké, ó gbé imú sókè. Wọ́n padà sínú funfun. Àwọn tó ń darí ọkọ̀ nílẹ̀ béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. "Mi ò rí ọ̀nà," ló dá wọn lóhùn. "Mo tún ń bọ̀."

Bàbá Abẹ́rẹ́ la ojú kan. "Kí lo rí níbẹ̀ yẹn?"

"Mo rò pé ọ̀nà ni, sà."

"Kí ló wá dé?"

"Abẹ́rẹ́ ní kì í ṣe ibẹ̀."

"Ó dáa. Jẹ́ n sùn." Ó di ojú padà.

Lẹ́ẹ̀kejì, iná ojú ọ̀nà yọ síwájú wọn gan-an, táyà sì fara kan ilẹ̀ jẹ́jẹ́. Nígbà tí wọ́n ń yí bọ̀ ni wọ́n rí nǹkan funfun náà dáadáa: páànù òrùlé ibi tí wọ́n ń gbé bàálù sí ni. Bàbá Abẹ́rẹ́ sọ̀ kalẹ̀. Ó fọwọ́ sí ìwé ọmọ náà lórí apá bàálù, ó ní, "O pẹ́ jù," ó sì kọjá lọ. Ọmọ náà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń bú u.

Ìyàwó Bàbá Abẹ́rẹ́ ló sọ ìyókù fún un nígbà tó yá. Lálẹ́ ọjọ́ náà, ọkọ òun ò lè di ife omi mú, omi ń dà sí i láyà.

"Ṣé ẹ sùn lóòótọ́?" ni òun bi í.

"Ta ló lè sùn níbẹ̀?"

Ọmọ náà yege, ó gba iṣẹ́ náà, òun náà ti di ọ̀gá awakọ̀ báyìí. Bàbá Abẹ́rẹ́ wá dàgbà, àìsàn gbé e dè. Ní ilé ìwòsàn, ìyàwó rẹ̀ ní ojú rẹ̀ ti mọ́ díẹ̀ lónìí. "Ojú ń purọ́," ló wí, ó nawọ́ sí aago tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, tó ń sọ bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù. Obìnrin náà kọ̀, kò wo aago kankan. Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Ìyàwó mi."

"Mò ń gbọ́."

"Má dákẹ́ o."

Kò dákẹ́. Ó sọ ìtàn táǹkì fún un, ó bú u nítorí òjò, ó kí i fún gbogbo iṣẹ́ tó ṣe, títí ọkọ rẹ̀ fi balẹ̀.

Lẹ́yìn ìsìnkú, ọ̀gá awakọ̀ náà wá kí ìyàwó olùkọ́ rẹ̀. Bí obìnrin náà ṣe gbọ́ ìró mọ́tò níwájú géètì, ó jáde pẹ̀lú ìkòkò àti ṣíbí, fèrè wà lẹ́nu rẹ̀. Ọmọ náà rí i nínú dígí. Ó di ojú, ó bẹ̀rẹ̀ sí fẹ̀yìn wọlé. Ìkòkò ń dún, fèrè ń ké, mọ́tò ń bọ̀ tààrà. Ibi tí obìnrin náà ti ń fẹ̀yìn rìn, ẹ̀yìn rẹ̀ fara kan táǹkì. Ó yíjú, ó rí àpá náà. Ṣíbí dúró lọ́wọ́ rẹ̀, fèrè bọ́ sílẹ̀, omijé bọ́ lójú rẹ̀.

Mọ́tò dúró gbọnin. Ọmọ náà ò la ojú títí mọ́tò fi dúró. Lẹ́yìn náà ló la á, ó wo iwájú nìkan, ó wakọ̀ padà jáde ní géètì, ó sì dúró lójú títì.

"Mọ́mì," ó ké wọlé, "mò ń retí yín o. Mi ò tíì mọ ọ̀nà."

Obìnrin náà fi etí aṣọ nu ojú, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó mú fèrè nílẹ̀.