Irin Tí Mo Lù

Ìjẹta ni ọmọ ọmọ mi gbé fóònù rẹ̀ wá sí pálọ̀, tó fi orin àwọn òyìnbó kan sí i, àwọn tí irun wọn gùn dé ìdí. Wọ́n ń pariwo bí ẹni tí ilé ń jó mọ́ lórí. Ó rò pé màá bínú ni. Omijé ló bọ́ lójú mi.

Ẹ̀yin ọmọ òde òní, ẹ má rò pé ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ mọ ariwo. Ní abúlé wa lẹ́yìn Olódò, àwa mẹ́rin la dá ẹgbẹ́ onírin sílẹ̀: ọkọ́ tí kò ní èèkù, ṣọ́bìrì tó ti ya, ríìmù lọ́rì kan. Múfú, ọmọ Bàbá Alágbẹ̀dẹ, ni olórí wa. Ohùn rẹ̀ ń ha etí bí ayùn, ẹnu rẹ̀ kò sì mọ àgbà. "Ẹ̀yin tẹ́ ò fẹ́ ariwo, ẹ fòwú dí etí!" Bó ṣe ń kọrin níbi ìsọmọlórúkọ nìyẹn, àwọn ọ̀dọ́ á máa fò sókè, àwọn àgbà á máa ṣépè. Lèmọ́mù àti bàbá mi tó jẹ́ káteki ní ṣọ́ọ̀ṣì kì í fẹnu kò lórí ohunkóhun, ṣùgbọ́n wọ́n fẹnu kò pé iṣẹ́ èṣù ni tiwa. Bàbá mi búra pé bí wọ́n bá tún gbọ́ pé mo wà níbẹ̀, mo ti kúrò nílé ìwé nìyẹn. Síbẹ̀, àwọn ará Ẹgbẹ́dá pàápàá ń ránṣẹ́ pè wá.

Àgbẹ̀dẹ bàbá Múfú la ti ń kọ́ orin nígbà tí wọ́n bá lọ sóko. Irin ńlá kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń gbé ọkọ́ lé lù. Láàárín àwọn alágbẹ̀dẹ agbègbè wa, ẹnikẹ́ni kì í lù ú lófìfo, àfi lọ́jọ́ tí alágbẹ̀dẹ bá kú. Mo mọ̀. Orin ló wọ̀ mí lára lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo gbé òòlù, mo lù ú, mo tún un lù.

Kò pẹ́ tí àwọn alágbẹ̀dẹ abúlé kejì fi sáré dé tẹkún-tẹkún. Bàbá Alágbẹ̀dẹ ti oko dé, wọ́n bá àwọn tó ń sunkún ikú wọn níbẹ̀. Ẹ̀rín fẹ́ pa wá, títí a fi rí ojú Bàbá Alágbẹ̀dẹ.

"Ta ló lù ú?"

Múfú wò mí, ó rántí ìbúra bàbá mi. "Èmi ni, Bàbá."

Kò mọ̀, èmi náà kò sì mọ̀, pé nílé wọn, ọmọ tó bá fi irin kéde ikú bàbá rẹ̀ kò gbọdọ̀ bá a gbélé mọ́. Ká ní mo jẹ́wọ́ ni, ẹgba ni ǹ bá jẹ, ilé ìwé ni ǹ bá sì pàdánù. Èmi kì í ṣe ọmọ wọn, èèwọ̀ yẹn kò kàn mí. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n fà á lé àbúrò ìyá rẹ̀ tó ń lọ sí Kùmásí ní Gánà lọ́wọ́. Ẹgbẹ́ tú ká. Mo sì dákẹ́.

Nígbà tó yá, wọ́n lé àwọn èèyàn wa kúrò ní Gánà. Ojoojúmọ́ ni ìyá Múfú ń lọ sí ibùdókọ̀ Olódò, èmi ni wọ́n sì ń mú dání. "Bá mi wojú wọn dáadáa, ojú tèmi ti ṣú. Ọ̀rẹ́ bí ìwọ ṣọ̀wọ́n." A wo ojú àwọn tó ń sọ̀kalẹ̀ títí tí kò fi sẹ́ni tó ń sọ̀kalẹ̀ mọ́.

Lónìí, ọmọ lè pariwo bó ṣe fẹ́, kò sẹ́ni tó máa lé e nílé. Inú mi dùn sí ìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù tó ń pa èèyàn lẹ́nu mọ́ kò tíì yí padà. Ìyá yẹn ń fún mi lẹ́pà jẹ, wọ́n ń ṣàdúrà fún mi. Wọ́n kú láìmọ̀ pé èmi ni mo lé ọmọ wọn lọ.