Èjí Tí Mo Lọ Wá sí Oǹdó

Aago márùn-ún àárọ̀ kò tíì lù tí mo ti wẹ̀, tí mo ti wọṣọ, tí mo sì ti gbé báàgì kọ́ apá nínú ilé mi ní Arakale, Àkúrẹ́. Mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn màmá mi láti dágbére. Wọ́n wo ojú mi títí, wọ́n wá ní, "Ẹ káàárọ̀ mà. Ta lẹ wá rí nínú ulé yìí?"

Ìyá tó bí mi ló ń kí mi bí ẹni ń kí àgbà àlejò. Ó ti tó oṣù mẹ́rin tí a ti wà lẹ́nu rẹ̀, síbẹ̀ ojoojúmọ́ ló ń dùn mí bíi pé òní ló bẹ̀rẹ̀.

Yétúndé ni wọ́n sọ mí, nítorí pé ọdún tí màmá lóyún mi ni ìyá tiwọn kú. Nígbà tí eyín iwájú mi hù tán tí èjí yọ láàárín wọn, gbogbo ẹbí wa ní Ìta-Ògbólú ní ọ̀rọ̀ ti parí, ìyá àgbà ló padà wá. Láti ìgbà tí iyè màmá ti ń ṣe bíi rédíò tí bátìrì rẹ̀ ń kú lọ, èjí yẹn ni wọ́n fi ń dá mi mọ̀. Mo bá ti rẹ́rìn-ín báyìí, ojú wọn á tàn: "Yétúndé, ọmọ mi!" Àfi ọjọ́ tí ọ̀kadà gbé mi ṣubú lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọjà Ọba, tí eyín méjèèjì kán dànù. Ọjọ́ náà ni mo di àlejò nínú ilé ara mi. Ohun tí mo ń wá lọ sí Oǹdó nìyẹn, eyín méjì, kí ìyá mi lè mọ̀ mí lẹ́ẹ̀kan sí i kí ọlọ́jọ́ tó dé.

Mo fi màmá sílẹ̀ fún Ìyá Bọ́lá, ayálégbé wa, mo sì wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí gáréèjì. Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta náírà ni wọ́n pe owó mọ́tò. Kí owó epo tó fò sókè, ẹẹ́dẹ́gbẹ̀ta péré ni mo ń san lójú ọ̀nà kan náà. Mo fẹ́ bá awakọ̀ fà á, ṣùgbọ́n ẹni tí kò léyín iwájú kì í lè bínú kó já gaara. Mo ní, "Ẹ ṣàánú wa," atẹ́gùn ló jáde. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n wá jókòó níwájú.

Nígbà tí a gbéra, ó bi mí pé, "Màámi, kí lẹ fẹ́ lọ ṣe ní Oǹdó?"

"Mo fẹ́ lọ gbin eyín ni."

"Ẹ gbìn ín? Bí ẹni ń gbin ẹ̀gẹ́?"

Mo ṣàlàyé bí mo ṣe gbọ́ ọ. Ímpláǹtì ni wọ́n ń pè é. Irin kékeré ni wọ́n máa ń rì mọ́ egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́, bí ẹni ń ri òpó, kí wọ́n tó gbé eyín lé e lórí. Kí n tó parí ọ̀rọ̀, èrò inú mọ́tò ti pín sí mẹ́ta. Obìnrin kan lẹ́yìn ní èyí tí à ń yọ ló dára, ẹ̀gbọ́n òun ní in, inú ife omi ni eyín náà ń sùn. Ọkùnrin kan ní irin ẹnu kì í fẹ́ iyán gbígbóná. Awakọ̀ ní bó bá jẹ́ tòun ni, wúrà ni kí wọ́n fi sí i, kí ayé mọ̀ pé èèyàn ná owó. Nígbà tí a fi máa dé Ọ̀wẹ̀nà, n kò mọ ohun tí mo ń lọ ṣe mọ́.

Ní Ọ̀wẹ̀nà, àwọn ọlọ́jà sáré bo mọ́tò wa. Òórùn àgbàdo sísun gbà mí nímú, ṣùgbọ́n kí ni mo fẹ́ fi gé e? Ojú ni mo fi jẹ ẹ́. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ ni mo rà, ẹgbẹ̀rún kan náírà fún ìdì kan tí wọn kì bá tà fún mi ní ẹgbẹ̀rún kan ààbọ̀ lọ́jà wa. Mo ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ bí a ṣe ń já kòtò dé Bọ̀lọ́rúndúró. Aago méje kọjá díẹ̀ nígbà tí a wọ Oǹdó.

Ìrìn wákàtí kan ló wà láàárín àwa àti àwọn ará Oǹdó, ṣùgbọ́n ẹ má gbọ́kàn lé e pé a ó gbọ́ èdè ara wa. Ní yàrá ìdúró ilé ìtọ́jú eyín náà, màmá àgbà kan bẹ̀rẹ̀ sí í fi ojúlówó Oǹdó bá mi sọ̀rọ̀. Mo gbọ́ ìdajì, mo mi orí sí ìdajì tó kù. Ó pẹ́ kí ó tó yé mi pé ìjókòó wọn ni mo jókòó sí.

Dókítà Fúnmi ni mo wá bá. Èmi ni mo kọ́ ọ ní ìwé kẹrin, ìdí tí mo fi ré àwọn dókítà Àkúrẹ́ kọjá nìyẹn. Ó kúnlẹ̀ kí mi, "Ẹ káàbọ̀, Tíṣà mi." Ó gún ìka mi láti yẹ ṣúgà ara mi wò, ó sì ya àwòrán egungun ẹnu mi.

Ó ní, "Egungun yín ṣì lágbára, mà. Oṣù tó ń bọ̀ la ó ri irin sí i. Oṣù mẹ́rin tàbí márùn-ún ni egungun yóò fi dì í mú, kí a tó gbé eyín gidi lé e. Ṣùgbọ́n ẹ ò ní lọ sílé lófo lónìí, a ó ṣe eyín ìgbà díẹ̀ fún yín." Nígbà tó dárúkọ iye rẹ̀, mo mọ̀ pé owó ìfẹ̀yìntì mi ti lọ nìyẹn. Mo ní kó máa bá iṣẹ́ lọ.

Ó wá bi mí pé, "Ṣé kí a dí èjí yẹn pa, mà? Ọ̀pọ̀ tó ń wá síbí, wọ́n fẹ́ kó dí."

"Kí o dí èjí? Fúnmi, ṣé orí rẹ pé?"

"Ẹ má bínú, mà. Báwo ló ṣe fẹ̀ tó?"

Ọgọ́ta ọdún ó lé ni mo fi gbé èjí yìí sẹ́nu, n kò wọ̀n ọ́n rí. Fọ́tò mẹ́ta tí mo gbé dání, ti ilé ẹ̀kọ́ olùkọ́, ti ìgbéyàwó, ti ìfẹ̀yìntì, mo pa ẹnu dé nínú gbogbo wọn. Nígbà tiwa, ẹni tó bá yín eyín níwájú ayàwòrán, aláìlẹ́kọ̀ọ́ ni.

Ìgbà náà ni mo rántí ìgbálẹ̀. Nígbà tí mo wà ní kékeré, màmá máa ń fa ẹyọ ìgbálẹ̀ yọ, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á kì í bọ èjí mi, wọ́n á wá máa ka iye tó wọ̀ ọ́. Ẹyọ kan ni, àbí méjì? Mo ń gbọ́ "ẹyọ kan" lẹ́nu wọn, mo sì ń gbọ́ "ẹyọ méjì." Èwo wá ni tèmi? Mo jókòó sórí àga oníṣègùn bí ọmọ tí kò ka ìwé rẹ̀ wá sílé ìwé, Fúnmi sì ń wò mí, ó ń dúró de ìdáhùn.

Mo ní, "Méjì ni."

Wọ́n wá ẹyọ ìgbálẹ̀ tuntun méjì fún ẹni tó ń rọ eyín ní yàrá ẹ̀yìn. Ọ̀sán ni wọ́n tó ki eyín náà sí mi lẹ́nu. Mo wo dígí. Obìnrin tó ń wò mí níbẹ̀ jọ mí, ṣùgbọ́n èmi kọ́ gan-an. Mo ní bóyá ohun tuntun ni kò tíì mọ́ mi lára. Fúnmi kìlọ̀ pé n kò gbọdọ̀ fi gé nǹkan líle, ẹ̀rín nìkan ni kí n máa fi rín. Ẹ̀rín náà ni mo sì ń kọ́ rín láti Oǹdó dé Àkúrẹ́, tí ọkùnrin tó jókòó tì mí fi sún mọ́ fèrèsé.

Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ni mo wọlé. Màmá wà lórí àga ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo dúró níwájú wọn, mo yín eyín.

Ọ̀pá bọ́ lọ́wọ́ wọn. Wọ́n di àga mú, wọ́n sì ń rọra forúnkún wálẹ̀. "Yèyé mi! Ẹ kú àbọ̀ o, yèyé mi."

Mo sáré gbá wọn mú kí orúnkún wọn tó kan ilẹ̀, nítorí ìyá kì í kúnlẹ̀ fún ọmọ. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ìgbálẹ̀ tí màmá máa ń sọ níjọ́sí ti wá sọ sí mi lọ́kàn ní kíkún: "Ẹyọ kan ló wọ tìrẹ, ẹyọ méjì ló ń wọ ti yèyé mi." Èjí òkú ni mo gbé wálé. Ó dùn mí débi pé mo ti na ọwọ́ sẹ́nu láti yọ eyín náà.

Ṣùgbọ́n màmá di ọwọ́ ọ̀hún mú. "Ẹ jókòó, yèyé mi. Yétúndé ọmọ mi ò sí nínú ulé, ó ti jáde láti àfẹ̀mọ́jú. Òun ló ń wẹ̀ mí, òun ló ń fún mi lóúnjẹ. Mo máa ń yọ ọ́ lẹ́nu, kì í bínú. Ọmọ dáadáa ni."

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo sunkún. Láti oṣù mẹ́rin ni mo ti rò pé màmá ti gbàgbé mi, àṣé ojú mi nìkan ni wọ́n gbàgbé. Oṣù tó ń bọ̀, Fúnmi yóò tún bi mí bóyá ẹyọ kan ni àbí méjì, n kò sì tíì mọ ohun tí màá sọ.

Màmá tẹ̀ síwájú, wọ́n ní, "Bó bá dé, ẹ bá mi sọ fún un kó kọ́kọ́ jẹun. Kì í jẹun bó ṣe yẹ."

Mo ní, "Màá sọ fún un, ọmọ mi."