Àpò Tútù Lójú Fèrèsé

Obì ni ọkọ mi, Lágúnjú, ń kó lọ sí Sókótó láti ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀ títí orúnkún fi kọ̀ fún un. Ọmọ Ìrẹmọ nílùú Ifẹ̀ ni. Ilé yìí ni wọ́n bí i sí, ilé yìí náà ló kú sí nígbà ọyẹ́ tó kọjá. Mi ò sunkún tó bí àwọn èèyàn ṣe rò. Omi ojú náà kàn kọ̀ ni, kò wá.

Ẹni tó bá ń kó obì lọ sókè Ọya gbọ́dọ̀ mọ ìwà afẹ́fẹ́. Ó máa ń sọ pé oòrùn Sókótó kì í jẹ́ kéèyàn rí òógùn ara rẹ̀. Kó tó yọ, ó ti gbẹ. Ètè á là, imú á máa ṣẹ̀jẹ̀. Bí obì bá bá a pàdé níhòòhò, á hun jọ bí awọ arúgbó. Nítorí náà, wọn a fi ewé tẹ́ inú apẹ̀rẹ̀, wọn a rẹ àpò ìdọ̀họ sómi, wọn a fi bò ó. Afẹ́fẹ́ gbígbẹ yẹn á fẹ́ sí àpò náà, abẹ́ rẹ̀ á sì tutù bí ìdí àmù. Nígbà ọyẹ́ ẹ̀wẹ̀, òtútù ibẹ̀ a máa mú kí eyín lu eyín. Àpò tó bá gbẹ lára àwọn àpò náà ló ń fi bora sùn nínú ọkọ̀.

Ooru Ifẹ̀ kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ooru tiwa lómi nínú. Bí òjò bá ń ṣú tí kò rọ̀, òógùn á jókòó sí ni lọ́rùn, kò ní gbẹ. Omi ti wà nínú afẹ́fẹ́, kí ni àpò tútù fẹ́ ṣe sí i? Lágúnjú ò gbà. Lọ́dọọdún, bí ooru bá ti dé, á rẹ àpò ìdọ̀họ, á fi kọ́ ojú fèrèsé wa, yàrá á wá dà bí inú ìkòkò tí wọ́n dé lórí iná.

Èṣùbíyì ará ilé kejì wọlé lọ́jọ́ kan, ó wo fèrèsé, ó wò mí, ó kọjú sí ọkọ mi.

“Bàbá Moyin, ṣé ìyàwó lẹ fẹ́ fi se ọ̀lẹ̀ ni? Ẹ kúkú fi ewé wé e.”

“Ìwọ tí o ò kọjá Ìlọrin rí!”

“Ẹni tí ò kọjá Ìlọrin náà mọ̀ bí ooru bá ń mú un.”

Èmi náà ní, “Bàbá Moyin, èmi kì í ṣe obì.”

“Obì kì í jiyàn,” ni èsì rẹ̀.

Bó bá sùn lọ lọ́sàn-án, màá ká a kúrò. Bó bá jí, á tún gbé e kọ́. Bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn.

Nígbà tí a sin ín tán, nǹkan ò ṣe mí mọ́. Mo ń jẹun, mi ò mọ̀ bóyá iyọ̀ wà níbẹ̀. Ooru dé, èmi ò mọ̀. Fèrèsé tí a tì nítorí eruku ọyẹ́, títì náà ló wà. Moyinolúwa ọmọ mi wá láti ilé rẹ̀ ní Mayfair, nínú Ifẹ̀ níbí, ó bá mi lórí ibùsùn nínú súwẹ́tà.

“Màámi! Súwẹ́tà? Nínú ooru yìí?” Ó fọwọ́ kan ọrùn mi, ó yára gbé e kúrò. “Ara yín ń jó! Ẹ ò tiẹ̀ làágùn!”

Ó bu omi dà mí lórí, ó gbé mi lọ sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì. Nọ́ọ̀sì ní bó bá pẹ́ díẹ̀ sí i ni, ọ̀rọ̀ ì bá yàtọ̀.

“Ọ̀dọ̀ mi lẹ ń bọ̀,” ni Moyin wí. “Ẹni tí ò mọ ooru yàtọ̀ sí òtútù ò lè dá gbé ilé. Mò ń bọ̀ wá mú yín ní Sátidé.”

“Bàbá rẹ ńkọ́?” Ẹ̀yìn fèrèsé yẹn gan-an la sin ín sí.

Ó ká súwẹ́tà náà sápá. Mi ò jà. Ibi tí wọ́n bá gbé mi sí, màá wà níbẹ̀.

Ní Sátidé, níbi tí mo ti ń kó aṣọ, mo rí àpò ìdọ̀họ náà lábẹ́ ibùsùn. Ó ti gan, òórùn obì ṣì wà lára rẹ̀. Mi ò mọ ohun tó sún mi ṣe é. Mo rẹ ẹ́ sínú báàkẹ́tì, mo ṣí fèrèsé, mo fi kọ́ ọ, mo jókòó.

Ó kọ́kọ́ dà bí pé kò sí nǹkan kan. Nígbà tó yá, òógùn sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn ọrùn mi, ó gba ẹ̀yìn lọ. Èémí mi ń há. Aṣọ lẹ̀ mọ́ mi lára.

“Kò ṣiṣẹ́,” mo sọ ọ́ sókè. “Bàbá Moyin, kò ṣiṣẹ́. Ọjọ́ wo ni mo ti ń sọ fún yín?”

Mo dìde, mo ká àpò náà kúrò, afẹ́fẹ́ díẹ̀ wọlé.

Ọ̀ọ̀dẹ̀ ni Moyin bá mi, ìró ní àyà, abẹ̀bẹ̀ lọ́wọ́.

“Màámi, ẹrù yín dà?”

“Ooru ń mú mi.”

Ó fọwọ́ kan ọrùn mi, ó wo òógùn tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní, “Ẹ sún fún mi,” ó jókòó, ó gba abẹ̀bẹ̀, ó ń fẹ́ mi. Nígbà tó máa lọ, òun nìkan ló lọ.

Ó ń pè mí lọ́sọ̀ọ̀sán báyìí.

“Màámi, ṣé ó ń mú yín?”

“Ó ń mú mi.”

“Fèrèsé ńkọ́?”

“Ó wà ní ṣíṣí.”

Mo sá àpò Lágúnjú sórí okùn lẹ́yìn ilé. Ó pẹ́ kó tó gbẹ.